Ta Ni 'They'?

Òórùn kọfí tó ti jóná ló máa ń mú mi rántí ọ́fíìsì Aunty ní Riverdale, níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí mo jáde ní yunifásítì. Ilé-iṣẹ́ wọn máa ń rán àwọn olùtọ́jú lọ sílé àwọn arúgbó. Aunty nìkan ni dárẹ́tọ̀, èmi ni akọ̀wé wọn. Nígbà náà, ó dá mi lójú pé kò sẹ́ni tó ń fi ìṣọ́ra kọ̀wé tó mi ní gbogbo Atlanta.

Ẹnì kan fẹjọ́ sùn ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń ṣèwádìí ìwà àwọn dárẹ́tọ̀. Ó ní ẹlòmíì tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé ló ń darí ilé-iṣẹ́ náà lábẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ òótọ́, ilé ẹjọ́ lè yọ Aunty nípò, kó sì fòfin dè wọ́n pé wọn kò gbọ́dọ̀ ṣe dárẹ́tọ̀ níbikíbi fún ọdún púpọ̀. Olùwádìí wá fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí èmi náà. Ta ló gbà mí síṣẹ́? Ta ló ń buwọ́ lùwé? Ta ló ń pàṣẹ?

Mo yẹ ìdáhùn mi wò lẹ́ẹ̀mẹta. Òótọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo rẹ̀. Àmọ́ ọwọ́ mi kọ̀ láti pe ẹni tó ju ìyá mi lọ ní 'she', bí ẹni pé a jọ lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi. Mo kọ ọ́ pé 'they' ló gbà mí, 'they' ló ń buwọ́ lùwé, 'they' náà ló ń pàṣẹ.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, olùwádìí fúnra rẹ̀ dé, ọ̀dọ́bìnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ní sùúrù. Ó ti fi bírò pupa fàlà sábẹ́ gbogbo 'they'. Ó ní kí n dárúkọ àwọn yòókù.

Aunty wò mí. "Àwọn wo? Ta lo pín ilé-iṣẹ́ mi fún?"

"Aunty, ẹ̀yin ni."

"Èmi nìkan? Èmi ni mo wá pọ̀ tó báyìí?"

Mo ṣàlàyé fún olùwádìí pé àgbà ni wọ́n. Ó ronú díẹ̀, ó sì rọra bi Aunty bóyá àwọn fúnra wọn ló yan 'they', bí àwọn kan tí kò fẹ́ kí a pe àwọn ní 'he' tàbí 'she' ti ń ṣe níbí. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, òun á bọ̀wọ̀ fún un.

"Mi ò yàn án," Aunty dáhùn. "Ọjọ́ orí ló yàn án fún mi."

Olùwádìí gbé àwọn ìwé wa yẹ̀ wò títí. Ìbuwọ́lùwé Aunty nìkan ló rí. Ó wá ní kí n tún ìdáhùn mi kọ, kí n fi 'she' sí i.

"Aunty, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Kọ ọ́ jàre," Aunty ní, "kí wọ́n má baà torí ẹ̀kọ́ ilé lé mi kúrò nínú ilé-iṣẹ́ mi."

Mo kọ ọ́. Ní gbogbo 'she' ni mo ń tẹ orí ba.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọ̀dọ́bìnrin náà pè mí pé àwọn ti pa fáìlì náà dé, kò sí dárẹ́tọ̀ ìkọ̀kọ̀ kankan. Kó tó gbé fóònù sílẹ̀, ó ní, "Tell them I said hello."

Mo bi í pé àwọn ta ni. Ó ní, "Your Aunty."

Douglasville ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, mo sì ṣì ń ka gbogbo gbólóhùn lẹ́ẹ̀mẹta. Aunty ṣì wà nípò wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí lónìí pé ta ló ń darí ilé-iṣẹ́ náà, òótọ́ kan náà ni màá sọ: àwọn nìkan ni.