Ilà Tí Mo Pa Rẹ́ Lójú Bàbá Ìyàwó Mi

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, àwa mélòó kan ní yàrá òkùnkùn tí a ti ń fọ fọ́tò fúnra wa. Iná pupa kékeré kan ló ń tàn níbẹ̀, a ó sì dúró ti omi oògùn títí ojú ènìyàn yóò fi yọ lórí bébà funfun. Ayọ̀ yẹn kò kúrò lára mi. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì ní Àkúrẹ́, lásìkò tí nǹkan le, tí owó ìfẹ̀yìntì ń falẹ̀, tí iná mọ̀nàmọ́ná sì ń ṣe bí àlejò, mo ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan oníkùn gbàgìdì, mo gbé e sẹ́bàá fèrèsé pálọ̀, mo sì ń bá àwọn ènìyàn tún fọ́tò àtijọ́ ṣe. Ìyàwó mi ní mo ti fẹ́ ìyàwó kékeré.

Ọmọ Oǹdó ni òun. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló ṣì wà nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, kò sì mọ ojú rẹ̀ àfi nínú fọ́tò kan ṣoṣo tó wà lára ògiri ìyá rẹ̀. Èmi náà kò bá a láyé. Lọ́dún kan, òjò gba ara ògiri wọnú gíláàsì fọ́tò náà. Nígbà tí a ó fi gbé e dé Àkúrẹ́, ó ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ipa omi sì ti ṣàn gbọọrọ gbọọrọ lójú bàbá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo fi sikáánà gbà á sínú kọ̀ǹpútà bó ṣe wà. Nígbà tí mo fẹ́ yọ gíláàsì kúrò, fọ́tò ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà nìkan ló kù. Ojú ìyá sì ti ń ṣú. Gbogbo ìgbà tí a bá lọ kí i ló ń béèrè bóyá a ti rí ọkọ òun, nítorí ó fẹ́ rí i kí ojú òun tó ṣú tán.

Àwọ̀ ni mo kọ́kọ́ dán wò. Mo da fọ́tò náà sórí síìdì, mo fi ránṣẹ́ sí obìnrin kan tó ń fọ fọ́tò ní Oǹdó. Lójú kọ̀ǹpútà mi, bàbá mọ́ kedere. Èyí tó ti Oǹdó dé, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo fẹ́ bínú sí obìnrin náà, ṣùgbọ́n ìyàwó mi ní kí n wo fèrèsé. Nítorí oòrùn tó ń wọlé, mo ti sún ìmọ́lẹ̀ kọ̀ǹpútà dé òkè pátápátá, irọ́ ló sì ń pa fún mi. Mo ta kọ́tìnì, mo gbé fọ́tò kékeré náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ń dín ìmọ́lẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀ títí àwọn méjèèjì fi jọra. Títí dòní, ohun tí mo ń sọ fún ẹni tó bá bi mí ni pé kó má gba ojú kọ̀ǹpútà gbọ́ àfi tí bébà bá jẹ́rìí sí i.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í pa ipa omi rẹ́. Iná lè lọ nígbàkígbà, torí náà bí mo bá ti pa ẹyọ kan rẹ́, mo séèfù. Mo pa òmíràn rẹ́, mo tún séèfù, lórí fáìlì kan náà. Inú mi ń dùn bí ẹni tó ń roko tó ń rí ibi tó ti ro. Àwọn méjì tó nípọn jù wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ọjọ́ tí mo rí wọn pa rẹ́, mo pe ìyàwó mi kó wá wo bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ ṣe ń dán.

A fọ̀ ọ́ ní Oǹdó, a fi férémù sí i. Mo dọ̀bálẹ̀, mo gbé e lé ìyá lọ́wọ́. Ó gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó wò ó títí.

“Àna mi,” ó ní, “ọkùnrin yìí dára. Ọmọ ta ni?”

Ìyàwó mi gba fọ́tò, ó wò ó, ó wo ìyá rẹ̀, tí ilà Oǹdó kan gbọọrọ wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rín pa á, ó di férémù ilẹ̀kùn mú.

“Dádì, ẹ ti sọ bàbá mi di ará Àkúrẹ́.”

Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Fọ́tò ti ya, mo sì ti séèfù lórí ojúlówó. Mo ní mo lè fi kọ̀ǹpútà ya ilà náà padà, ṣùgbọ́n ìyá ń mi orí.

“Ta ló ń kọlà fún òkú?”

Níbi tí mo ti ń ronú pé fọ́tò kékeré dúdú yẹn nìkan ló kù pẹ̀lú ilà, ni mo rántí síìdì tí wọ́n fi fọ̀ ọ́. Mo sáré lọ bá obìnrin náà. Ó tú agolo bisikíìtì kan tó kún fún síìdì àwọn oníbàárà sórí tábìlì, ó ní kí n dúpẹ́, àbúrò òun ti fẹ́ wá kó gbogbo wọn lọ sí Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ láti fi dídán wọn lé ẹyẹ lóko ìrẹsì. Tiwa wà níbẹ̀. Bàbá wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo òjò tó rọ̀ sí i lójú, àti ilà rẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo da ojúlówó sórí síìdì méjì, n kò fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ̀dà rẹ̀ ni mo ń tún ṣe, bí mo bá sì ti ṣiṣẹ́ dé ibì kan, mo fún un ní orúkọ mìíràn kí n tó séèfù. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dúró de irú ìtìjú tèmi kó tó máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a gbé e padà dé, ìyá fi àtàǹpàkò tọ ilà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

“Ẹ wo bó ṣe kéré,” ó ní. “Tí a bá jọ jáde báyìí, wọ́n á ní ọmọ mi ni.”

Ìyàwó mi dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fọwọ́ pa egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, ó ń wo ti bàbá rẹ̀ nínú fọ́tò.

Mo fẹ́ gba ti àkọ́kọ́ tí kò ní ilà lọ, kí n lọ fà á ya. Ìyá kò gbà. Ó gbé e kọ́ sẹ́bàá ilẹ̀kùn, òdìkejì ọkọ rẹ̀, bí a bá sì ti wọlé, yóò jíṣẹ́ fún wa pé àlejò wa láti Àkúrẹ́ kò yọ òun lẹ́nu, kò tilẹ̀ béèrè oúnjẹ.