Ìwé Tí Òkú Ìyá Ti Ń Pe Ọmọ Rẹ̀

Òórùn ìwé tuntun ló gbà mí nímú ní pálọ̀ wa ní àdúgbò Koumassi, níbi tí Faransé ti jẹ́ èdè ìlú, lọ́jọ́ náà. Sàfúrà, ọmọ ọmọ mi, ló ń kà á. Ọmọbìnrin mi tó bí i ti kú lọ́dún tó kọjá. Wọ́n ní ọmọdé ni wọ́n kọ ìwé náà fún, ṣùgbọ́n kànga dúdú ni wọ́n yà sí èèpo rẹ̀, ọwọ́ kan sì ń jáde níbẹ̀. Ara fu mí. Nígbà tí ọmọ lọ síléèwé, mo wá awò ojú mi, mo kà á díẹ̀díẹ̀ lédè Faransé. Háà! Ìyá tó ti kú ń pe ọmọ rẹ̀ láti inú kànga, ọmọ dáhùn, ó sì wọ inú kànga lọ bá a! Òǹkọ̀wé náà mọ ọ̀rọ̀ ọ́ sọ, n kò ní parọ́, ṣùgbọ́n n kò gbẹ́kẹ̀ lé e rárá.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, nígbà tí a wà ní kékeré ní Treichville, bí a bá gbọ́ orúkọ wa láìrí ẹni tó ń pè, a kì í dáhùn. Ìyá mi àgbà ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ó ní pàápàá lọ́sàn-án gangan, ẹni tó ń pè lè má jẹ́ ènìyàn. Lọ́jọ́ kan ni ìyá mi ti ọjà dé lọ́sàn-án, ó ru ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wúwo, ó dúró lẹ́yìn ògiri, ó ń pè wá kí a wá bá òun sọ ẹrù kalẹ̀. Gbogbo wa ṣe bí ẹni tó fi omi sẹ́nu. Nígbà tó jàjà wọlé, ọrùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú àyà.

"Ṣé etí yín di ni?"

"A ò mọ̀ bóyá ẹ̀yin ni, mà," ni àbúrò mi wí.

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín o.

Mo sọ ìtàn yìí fún Sàfúrà, mo sì nawọ́ láti gba ìwé náà. Ó dì í mọ́ àyà. Yorùbá rẹ̀ kò tó nǹkan, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé mi yékéyéké. Mámì ló máa ń pe èmi ìyá ìyá rẹ̀.

"Mámì, tó bá jẹ́ màmá mi ló ń pè, ṣé kí n má dáhùn?"

Ọmọ mi ni mo rí lójú rẹ̀, mo sì fa ọwọ́ mi sẹ́yìn.

Àlọ́ Ìyá àgbà máa ń dẹ́rù bani ju ìwé yìí lọ. Ṣùgbọ́n orin wà nínú rẹ̀, gbogbo agboolé ló ń gbè é, ẹnikẹ́ni kì í nìkan bẹ̀rù. Lónìí, ọmọ ń dá ìwé kà ní kọ̀rọ̀, ẹ̀rù sì ń bà á láìsí ẹni tó mọ̀. Ohun tí kò tíì yí padà ni pé ọmọ ń fẹ́ ìyá rẹ̀.

Mo ṣì ń fura sí ìwé náà. Mo jókòó ti Sàfúrà, mo ní, "Ó yá, kà á sókè. A jọ ń lọ síbi kànga náà ni."