Ikọ́ Tó Wọ Ilé Ẹlẹ́dẹ̀ Wa

Àárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́ ni mo gbọ́ ọ. Mo ń da oúnjẹ sínú ọpọ́n, gbogbo ẹlẹ́dẹ̀ sì ń ti ara wọn bí ìṣe wọn, àyàfi ọ̀kan tó dúró síbi ògiri, tó tẹrí ba, tó ń húkọ́ bí àgbàlagbà. Ikùn rẹ̀ ń sáré lọ sókè sódò, bí ẹni pé ikùn ló fi ń mí. Mo sáré lọ pe ọkọ mi.

Ní Alápótí, nítòsí Ọ̀tà, ni èmi àti ọkọ mi, Bàbá Tóyìn, ti ń sin ẹlẹ́dẹ̀, láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ tí a wà ní Sàngó ti dá wa dúró.

"Otútù ni," ló wí. "Bo fèrèsé fún wọn."

Mo kan tapólì, ọ̀rá tó nípọn, mọ́ gbogbo fèrèsé pátá. Kí ara wọn lè móoru ni. Ní ọjọ́ kẹta, mẹ́fà ń húkọ́. Ọ̀kan kú, ìfófó ẹlẹ́jẹ̀ wà nímú rẹ̀. Abo wa tó tóbi jù, tó kù díẹ̀ kó bímọ, dùbúlẹ̀, kò jẹun mọ́. Ìgbà yẹn ni mo pe dókítà ẹran láti Ọ̀tà.

Obìnrin ni, kò sì dàgbà tó mi. Bó ṣe wọ ilé ẹlẹ́dẹ̀ ni omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Mà, ta ló bo ibí yìí?"

"Èmi ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mí kanlẹ̀."

Òórùn ìtọ̀ ta mí lọ́fun, mo bẹ̀rẹ̀ sí húkọ́.

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni o. Inú ẹ̀ làwọn ẹlẹ́dẹ̀ yìí ń sùn."

Ó la àyà èyí tó kú. Ẹ̀dọ̀fóró tó yẹ kó rọ̀ ti le gan-an, ó sì ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ó ní òtútù àyà ni. Kòkòrò àìfojúrí ló ń fà á, òmíràn sì lè wà nímú ẹlẹ́dẹ̀ tí ara rẹ̀ le, kó má ṣe é ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí òórùn ìtọ̀ àti eruku oúnjẹ bá ti bó ọ̀nà ọ̀fun, tí àwọn ẹlẹ́dẹ̀ sì há mọ́ra wọn, kòkòrò náà á sọ̀ kalẹ̀ sí àyà.

"Ṣé ẹ mú ẹlẹ́dẹ̀ tuntun wá láìpẹ́ yìí?"

"Rárá," ni ọkọ mi dáhùn.

Mo wò ó. Mi ò fẹ́ dójú tì í lójú àlejò, ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ bí abo yẹn ṣe ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀.

"Bàbá Tóyìn, mẹ́ta tí ẹ rà ní Ìlò-Àwẹ̀là ńkọ́?"

Ó wolẹ̀. "Ara wọn dá nígbà tí mo rà wọ́n."

"Ara wọn lè dá, sà, kí wọ́n sì gbé kòkòrò wọlé," ni dókítà wí. "Ó yẹ kí wọ́n dá wà fún bí oṣù kan ná."

Ó gún wọn lábẹ́rẹ́. A tú tapólì lápá òkè kí atẹ́gùn lè wọlé, a fi ti ìsàlẹ̀ sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà máa fẹ́ lu àwọn tó dùbúlẹ̀. A ya àwọn tó ń ṣàìsàn sọ́tọ̀, a fọ ilẹ̀, a ń fi omi po oúnjẹ wọn.

Lọ́jọ́ kejì, alápatà kan wá, ó ní òun á kó àwọn tó ń húkọ́. "Oògùn ṣì wà lára wọn, wọn ò tíì ṣeé jẹ," ni ọkọ mi wí, ó sì ti géètì. Kò tíì bá èmi sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí mo ti dárúkọ mẹ́ta tó rà yẹn.

Mo jókòó ti abo yẹn, mo ń ka èémí rẹ̀. Méjì mìíràn kú. Lọ́jọ́ kẹrin lẹ́yìn abẹ́rẹ́ náà, abo yẹn dìde, ó sì fi imú ti ọwọ́ mi, ó ń wá oúnjẹ. Mo sunkún. Ọkọ mi wà lẹ́yìn mi.

"O ṣé tó o sọ ọ́," ló wí.

Nígbà tó yá, abo náà bímọ. Méjì ti kú kí wọ́n tó jáde, àwọn yòókù yè.

Èémí tí mò ń mí yìí, n kì í rántí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹran kò lè sọ pé àyà ń dun òun, èmi tó lẹ́nu ló sì fọwọ́ ara mi dí ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé fún un. Mo dúpẹ́ pé ó dúró dè mí títí mo fi ṣí i.