Ojú Ìṣó Lórí Àwo Ìkẹyìn

Inú ṣì ń bí mi. Ẹ má wò ó pé mo máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí dápàárá. Irun orí mi ti ń funfun, ìbínú yìí kò tíì hu ewú.

Olórin kan wà nígbà náà tí gbogbo Èkó mọ ohùn rẹ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ni. Ikọ́ ti ń bá a fà á, ó sì ń kó orin jọ fún àwo tuntun, a kò mọ̀ pé òun ni yóò kẹ́yìn. Òun àti bàbá mi ti jọ ṣiṣẹ́ rí ní rélùwéè kó tó di olórin, ó sì ṣèlérí pé òun yóò ki oríkì bàbá mi sínú àwo náà.

Bàbá mi fẹ́ ẹ bí ẹni ń wá èémí. Ipò olórí ẹbí wa ní Ìsọlọ̀ ṣófo, òun àti ọbàkan rẹ̀ ló ń dù ú. Ìyá ọbàkan yìí, ọmọ Ìsọlọ̀ paraku ni. Ìyá bàbá mi ní tiwọn, ìlú olókè kan tó jìnnà ni wọ́n ti gbé wọn wá sílé ọkọ, ẹnu àwọn ẹbí kò sì kúrò lára ìyẹn. Kí àwo náà sáà jáde, kí gbogbo ayé gbọ́ pé ọmọ onílẹ̀ lòun: ohun tí bàbá mi ń wá nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí olórin wá, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ki ara rẹ kí n gbọ́."

Bàbá mi, akọ̀wé rélùwéè, ẹni tó mọ wákàtí tí ọkọ̀ ojú irin ń dé gbogbo ibùdó láti Ìddó títí dé Kánò, kò mọ oríkì baba rẹ̀! Ó wúkọ́. Ó ní, "Bi màámi léèrè. Àwọn ló ń kì mí láràárọ̀." Ó gbé báàgì, ó di ibi iṣẹ́.

Ìyá-àgbà sì bẹ̀rẹ̀. Èmi tíṣà, ọmọ ogún ọdún, èmi ni mò ń bu omi fún olórin. Ọmọ olókè mẹ́ta. Ọmọ a-gun-àpáta-wo-òjò. Ó dùn, mo sì ń mi orí bí ẹni tó mọ nǹkan kan. N kò mọ̀ pé ilé baba tiwọn ni wọ́n ń kì. Ìyá tó bá ń ki ọmọ rẹ̀ lówùúrọ̀, kò sí bí kò ṣe ní í ki ilé tirẹ̀ mọ́ ọn.

Olórin lọ sí sítúdíò, ó kọ ọ́. Kò pẹ́ náà ló kú.

Nígbà tí àwo dé sọ́ọ̀bù tó wà lẹ́bàá rélùwéè ní Òṣòdì, bàbá mi ra tiwa, ó pe gbogbo ẹbí jọ, ó gbé giramafóònù sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí orin ṣe dé ibi tirẹ̀, ó gbé àgbọ̀n sókè. Ọmọ olókè mẹ́ta…

Ọbàkan rẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, òkè wo ló wà ní Ìsọlọ̀? Àbí òkè ààtàn?"

Ẹ̀rín pa gbogbo ilé. Ta ni yóò tún un kọ? Ẹni tó kọ ọ́ ti wọ ilẹ̀. Kò pé oṣù kan tí wọ́n fi ọbàkan jẹ olórí ẹbí, òun náà sì ra àwo tirẹ̀. Bí bàbá mi bá ti ń kọjá báyìí, á gbé abẹ́rẹ́ sí ibẹ̀ gan-an, á sì máa bá àwo kọ ọ́ lóhùn òkè: "Ẹ káàárọ̀ o, ọmọ olókè!"

Ta wá ni bàbá mi bínú sí? Ìyá rẹ̀!

"Màámi, ẹ ti sọ mí di àlejò nílé baba mi!"

"Ṣé èmi ni mo ní kí o má mọ oríkì baba rẹ? Ọkọ mi, ohun tí mo fi rẹ̀ ọ́ lẹ́kún nìyẹn."

Bàbá mi mú ìṣó. Lójú wọn níbẹ̀, ó fi ha ojú àwo náà níbi oríkì yẹn. Láti ọjọ́ náà ni kò ti dáhùn kíkí wọn mọ́. Wọn kò sì kì í mọ́.

Nígbà ọyẹ́ tó tẹ̀lé e ni Ìyá-àgbà kú. Ó di ọjọ́ ìsìnkú, ó ku kí a fi oríkì ilé baba wọn sìn wọ́n. Kò sí ará ilé wọn kan láàyè mọ́ tó mọ̀ ọ́n. Ìgbà náà ni bàbá mi rántí àwo. Abẹ́rẹ́ ní, "Ọmọ olókè…" ó fò fìrì, ó bọ́ sórí orin mìíràn. Ó gbé e padà. Ó tún fò. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó yíjú sí mi.

"Tíṣà, o wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kí ni wọ́n kì tẹ̀lé e?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ bi ìṣó yín léèrè."

Kò gbá mi létí. Ó kọjú sí ọbàkan rẹ̀, ó fi ohùn tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí sọ pé, "Àbúrò mi, yá mi ní àwo tìẹ."

Mo ń retí ẹ̀rín. Ọbàkan kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó ní, "Kí lẹ fẹ́ fi àwo ṣe?" Ó dúró níwájú pósí, ó sì ki oríkì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: òkè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àpáta, òjò, gbólóhùn kan kò sọnù. Ibi tó ti ń fi wá ṣe ẹlẹ́yà ló ti há a sórí.

Gbogbo ilé bú sẹ́kún. Èmi kò sunkún. Mo ń wo bàbá mi tó gbá àwo tí ìṣó ti ha yẹn mọ́ àyà, mo sì ń bínú sí i, mo ń bínú sí ara mi tí mo gbọ́ ọ tán lójúkorojú tí n kò há gbólóhùn méjì. Gbogbo àwa tí wọ́n fi oríkì yìí rẹ̀ lẹ́kún, ẹni tó ń fi wá ṣe ẹlẹ́yà ló bá wa sin ìyá wa.