Ohùn Tí Àǹtí Ejiro Gé

Òórùn ẹní tó tutù ni mo kọ́kọ́ ń rántí. Òjò Warri máa ń wọ yàrá tí ilé ìwé wa ń kó ẹrù sí, àmọ́ ibẹ̀ náà ni Àǹtí Ejiro, olùkọ́ wa ní kíláàsì kẹrin, fi ẹní kọ́ yí ògiri ká kí ohùn má baà máa dún padà. Ó máa ń pè wá wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Kálukú á ṣàlàyé ohun kan tó mọ̀ sínú fóònù Àǹtí, Àǹtí á tò ó pọ̀, á sì fi ránṣẹ́ sáwọn òbí wa lórí Wáásáàpù lọ́jọ́ Ẹtì. Pọ́díkáàsì ló ń pè é. Ó ní béèyàn bá lè ṣàlàyé nǹkan yé ẹni tí kò rí i, ó ti mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Akólòlò ni mí. Ní kíláàsì, kí n tó parí gbólóhùn kan, àwọn kan á ti bá mi parí rẹ̀, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín. Nílé wa ní Ekurede-Urhobo, ìyá mi ló máa ń gbà mí lọ́wọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n mi. "Ẹ jẹ́ ó mí ná," ló máa ń wí. Bàbá mi kì í dá sí i, torí akólòlò lòun náà. Ará Ìjẹ̀bú ni, ó ń ta òwú, bọ́tìnnì àti síìpù fáwọn aránṣọ ní Enerhen, kì í sì í lọ sípàdé òbí kankan.

Ohun tí mo ṣàlàyé ni béèyàn ṣe ń yan òwú tí àwọ̀ rẹ̀ bá aṣọ mu: kó gbé méjèèjì jáde sí oòrùn, torí iná ṣọ́ọ̀bù máa ń tan ojú jẹ. Ọ̀rọ̀ há mọ́ mi lẹ́nu títí òógùn fi bò mí. Àǹtí kàn ní, "No rush am."

Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì ká lè gbọ́, ohùn mi ń lọ geere bíi tàwọn tó ń ka ìròyìn. Ó ti gé gbogbo ibi tí mo ti dúró. Kíláàsì pàtẹ́wọ́. Inú mi dùn débi pé eré ni mo sá dé ṣọ́ọ̀bù bàbá mi.

Bàbá mi gbọ́ ọ lórí fóònù rẹ̀, ó tún un gbọ́, ó wá wò mí. "Ta... ta nìyí?" Mo ní èmi ni. Ó ní òun ò mọ ẹni yẹn, òun á dé ilé ìwé lọ́jọ́ Ajé. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sunkún. Ohùn tó dáa tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi, gbogbo kíláàsì á sì tún gbọ́ bóun fúnra rẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀. Mo bínú sí i gidi.

Ó wá lóòótọ́, nínú aṣọ tó fi ń lọ kí Jímọ̀. Kíkí tó fẹ́ kí wa nìkan pẹ́. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi, mo sì dorí kodò sórí tábìlì. Bàbá mi ò dákẹ́. Pidgin ló fi bá Àǹtí sọ̀rọ̀, kò sì rẹ ohùn sílẹ̀: kó jọ̀ọ́, kó fi ti ọmọ òun ránṣẹ́ bó ṣe wà. Ó ní, "A... a... a máa ń pẹ́ díẹ̀, àmọ́ a máa ń dé ibi tá à ń lọ."

Àǹtí Ejiro bẹ̀ ẹ́, ó ní ṣe lòun rò pé òun ń ràn mí lọ́wọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó tẹ odindi ohùn mi, èyí tí kò gé, fún wa. Àwọn tó máa ń bá mi parí ọ̀rọ̀ gbìyànjú ẹ̀, àmọ́ fóònù ò dá wọn lóhùn, wọ́n ní láti dúró. Ìgbà tó parí, ọmọbìnrin kan bi mí pé tí oòrùn ò bá wá yọ ńkọ́? Ẹnì kankan nínú kíláàsì ò bi mí ní ìbéèrè rí. Mo dá a lóhùn, ó pẹ́, ó sì dúró gbọ́ ọ.

Ọ́fíìsì kan ní Ajamimogha ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, mo ṣì ń kólòlò. Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà yẹn ì bá ṣe ohunkóhun kí wọ́n lè máa gé ibi tó ti ń dúró kúrò. Èmi, tí ọ̀rọ̀ bá há mọ́ mi lẹ́nu nípàdé, tẹ́nì kan wá fẹ́ bá mi parí ẹ̀, mo máa ń na ọwọ́ sí i kó dúró. Ẹni tó bá ń kánjú, kó máa lọ.