Ohun Tí Mo Mọ̀ Nípa Ojú Aṣọ́lé Náà

Lọ́dún tí iṣẹ́ epo dẹnu kọlẹ̀ ní Houston, tí ilé iṣẹ́ ọkọ mi ní kó máa lọ sílé, èmi nìkan ni mò ń gbọ́ bùkátà wa. Nọ́ọ̀sì ni mí nílé ìwòsàn ojú kan. Iṣẹ́ mi ni láti yẹ ojú àwọn aláìsàn wò kí dókítà tó rí wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo gbé fáìlì tó kàn, mo ka orúkọ tó wà lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọkùnrin tó ń kọ́ ọmọ mi ní bọ́ọ̀lù ni.

Òyìnbó ará Ìlú Ọba ni, ó ti lé ní ogójì ọdún. Aṣọ́lé ni nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù, ìyẹn ẹni tó ń dúró lójú ilé tí kì í jẹ́ kí bọ́ọ̀lù wọlé. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́lé fún ẹgbẹ́ kan ní ìlú kékeré tí wọ́n ti ń wa èédú lápá àríwá England, kò sì kúrò nínú ẹgbẹ́ náà títí ó fi sún mọ́ ogójì ọdún. Ẹgbẹ́ náà kì í ṣe ẹgbẹ́ ńlá. Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ń wá, wọ́n ń lọ, òun ṣì wà lójú ilé. Gbogbo ìka ọwọ́ rẹ̀ ló ti wọ́, nítorí pé wọ́n ti ṣẹ́ léraléra. Nígbà tí ara kò gbà á mọ́, àwọn ará Amẹ́ríkà pè é kó wá máa kọ́ àwọn aṣọ́lé wọn. Kò pẹ́ tó dé tí líìgì wọn fi túká. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà sílé. Òun dúró, torí pé ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò sì sí ẹni tó ń retí rẹ̀ ní England bí kò ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àwọn ọmọbìnrin kan ní Sugar Land, ìlú àwọn olówó lẹ́bàá Houston, ló gbà á síṣẹ́. Ọkọ̀ wíwà wà nínú iṣẹ́ ọ̀hún. Ní gbogbo Sátidé, òun ló máa ń fi bọ́ọ̀sì kékeré ẹgbẹ́ kó àwọn ọmọ lọ síbi ìdíje.

Ọmọ mi jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà náà, ó sì ga ju àwọn ojúgbà rẹ̀ lọ. Inú apartment ni àwa ń gbé ní southwest Houston, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló mú un lọ sínú ẹgbẹ́ náà. Ọkùnrin yìí wo apá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ní kó lọ dúró lójú ilé. Ọkọ mi kò fẹ́.

"Ṣé kí ọmọ mi lè máa yí nínú ẹrẹ̀ ni mo ṣe wá sí Amẹ́ríkà?"

Akọ́nimọ̀ọ́gbá fúnra rẹ̀ wá sílé wa. Ó jókòó, ó jẹ dòdò, ó sọ ìtàn àwọn ọjọ́ tí òjò dídì bo pápá tí kò rí àwọ̀n ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an, ó sì mú kí ọkọ mi rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù tí kò ti rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ ìríran ẹ̀gbẹ́ ojú wò dà bí abọ́ funfun ńlá. Aláìsàn á gbé àgbọ̀n lé e, á tẹjú mọ́ àmì kan láàárín, á sì máa tẹ bọ́tìnì nígbà tó bá rí iná kékeré tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Èmi tí mo wà lẹ́yìn abọ́ náà á máa wo ojú rẹ̀ gba inú ihò kan. Mo gbé iná wá láti ọwọ́ ọ̀tún. Kò tẹ bọ́tìnì. Mo tún gbé e sún mọ́ àárín, kò tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ lemọ́lemọ́, mo sì rí i pé ó ń yíjú kúrò lára àmì náà, ó ń wá iná kiri.

"Ẹ má yíjú, sà."

"Mi ò yíjú."

"Mò ń rí ojú yín níbi tí mo wà."

Ó tún gbé àgbọ̀n rẹ̀ lé abọ́ náà. "Ó dáa, Sístà." Sístà ni wọ́n ń pe nọ́ọ̀sì nílùú tiwọn náà. "Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe."

A tún un ṣe. Ohun tó ṣẹ́ kù tó ń rí kò ju ohun tí èèyàn lè rí gba inú ọ̀pá omi lọ. Àrùn kan ni, ó máa ń jẹ ìríran láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín, kì í dunni, ohun tó bá sì ti jẹ kì í padà. Dókítà fún un ní oògùn tí yóò máa kán sójú, ó sì sọ fún un kedere pé kò gbọ́dọ̀ wakọ̀ mọ́.

Nígbà tí mo ṣíwọ́, mo bá a tó dúró nídìí ọkọ̀ mi.

"Sístà, tí àwọn òbí bá gbọ́, wọ́n á lé mi. Iṣẹ́ yìí nìkan ni mo ní."

"Ẹ má wa bọ́ọ̀sì yẹn mọ́. Tí ẹ ò bá wà á, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ lẹ́nu mi."

"Màá wá ẹlòmíràn tó máa wà á. Ẹ fún mi láyè díẹ̀."

Òfin iṣẹ́ wa ni pé a kì í sọ ọ̀rọ̀ aláìsàn níta. Òfin náà ni mo fi bo ara mi. Nígbà tí Sátidé pé tí mo rí i lórí àga awakọ̀, mi ò sọ nǹkan kan. Mo kàn ní kí ọmọ mi bọ́ sílẹ̀, pé èmi ni màá máa gbé e lọ.

"Kí ló dé, Mummy?"

"Mo fẹ́ máa wo bí o ṣe ń ṣe é ni."

Inú rẹ̀ dùn, ó gbà mí gbọ́. Sátidé mẹ́ta la fi tẹ̀lé bọ́ọ̀sì náà lórí freeway. Mò ń wo bó ṣe ń rọra fì sọ́nà àwọn ọlọ́kọ̀ mìíràn, àwọn ọmọ yòókù sì ń juwọ́ sí ọmọ mi láti fèrèsé ẹ̀yìn.

Ọkọ mi fura. Ó bi mí lọ́jọ́ kan tó ń bá mi gé ilá, mo sì sọ ọ́ fún un. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"O yọ ọmọ tìẹ, o fi tàwọn ẹlòmíràn síbẹ̀? Ọmọ ọlọ́mọ là ń rán níṣẹ́ dé tòru-tòru. Ìwọ nìyẹn."

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá ọkùnrin náà lórí pápá kí àwọn ọmọ tó dé. Ó ń so àwọ̀n mọ́ òpó ilé, ó ń fọwọ́ wá ibi tó máa gbé e kọ́ sí. Mo sọ fún un pé tó bá tún wa bọ́ọ̀sì ní Sátidé, màá sọ fún àwọn òbí, kí ilé ìwòsàn lé èmi náà níṣẹ́ tó bá wù wọ́n.

"Ọ̀kan nínú àwọn bàbá ti gbà láti wà á," ó wí. Ó fi àwọ̀n sílẹ̀. "Bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ni mo fi gbogbo ayé mi ṣọ́, Sístà. Mi ò mọ bí mo ṣe máa là á lẹ́nu pé mi ò rí i mọ́."

Mi ò rò pé ó purọ́ fún mi lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n òjò ló bá wa jí ní Sátidé, ọmọ kékeré bàbá náà sì ń ṣàìsàn, kò lè wá. Àwọn ọmọ ti wọ jẹ́sì, wọ́n ti jókòó. Nígbà tí èmi àti ọmọ mi fi máa dé, bọ́ọ̀sì ti ń jáde. Mo tẹ họ́ọ̀nù títí, kò dúró. Níbi tí ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ freeway ti pàdé ọ̀nà mìíràn, mo rí pick-up pupa kan tó ń bọ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún. Mo rí i dáadáa. Òun kò rí i.

Pick-up náà gbá bọ́ọ̀sì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó yí i po. Nígbà tí mo sáré débẹ̀, akọ́nimọ̀ọ́gbá ti bọ́ sílẹ̀, ó ń fa ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ohun kan náà ló ń tún sọ: "Mi ò rí i. Mi ò rí i." Kò sẹ́ni tó kú. Eegun èjìká ọmọ kan ló ṣẹ́, ọ̀rẹ́ ọmọ mi tó mú un wá sínú ẹgbẹ́ gan-an ni. Mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi, mo di apá rẹ̀ mú kó má mì, títí áńbúláǹsì fi dé.

Ọkùnrin náà sọ òtítọ́ fún ọlọ́pàá níbẹ̀, ó sì sọ ọ́ fún àwọn òbí. Kò dárúkọ mi. Wọ́n lé e lọ́jọ́ náà.

Nílé ìwòsàn, ìyá ọmọ tó fara pa dì mọ́ mi. Ó ní Ọlọ́run ló fi mí sẹ́yìn ọkọ̀ yẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà kiri. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí àwọn èèyàn bá ń gbàdúrà, ńṣe ni mo kàn ń wo ilẹ̀. Níkẹyìn mo lọ sílé obìnrin náà, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo sì jẹ́wọ́.

"Ìdí nìyẹn tí ọmọ yín ò fi sí nínú bọ́ọ̀sì?"

"Ìdí nìyẹn."

"Ẹ ṣé tí ẹ wá sọ fún mi." Ó rọra ti ilẹ̀kùn. Kò fẹjọ́ mi sun ibi iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láéláé.

Ẹ̀gbọ́n akọ́nimọ̀ọ́gbá wá mú un lọ sílé kí ọdún náà tó parí. A lọ kí i pé ó dìgbóṣe. Ó ti di ẹrù rẹ̀ sínú páálí. Ó sọ fún ọmọ mi, tó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu mi, pé ẹ̀bi òun ni, kì í ṣe ti màmá rẹ̀.

"Ẹ̀bi ẹ̀yin méjèèjì ni," ọmọ mi dá a lóhùn, ní ohùn jẹ́jẹ́.

"Òótọ́ ni," ó wí.

Lọ́dún kejì, lẹ́tà kan dé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá a kọ. Ó ní òun ti padà sídìí ẹgbẹ́ òun àtijọ́, òun ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ aṣọ́lé, pé òun máa ń dúró tì wọ́n tímọ́tímọ́, òun á fọwọ́ di ìgbọ̀nwọ́ wọn mú kí òun lè mọ bí wọ́n ṣe gbé e. Ó béèrè ọmọ mi, ó kí ọkọ mi, ó kí mi. Mo kọ èsì lẹ́ẹ̀mejì, mo fà á ya. Ọmọ mi ló padà dá a lóhùn. Ó fi àpòòwé náà fún mi kí n bá òun fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ti lẹ̀ ẹ́ pa.