Ikọ́ Ọkọ Ọmọ Mi

Ọ̀sán gangan ni wọ́n dá ọmọ mi padà sílé mi ní Tchaourou. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló mú un wá láti Kika. Òun jókòó sẹ́yìn alùpùpù zẹ́mi kan, ọmọ mi wà lẹ́yìn èkejì tòun ti ẹrù rẹ̀. Ká ní wọ́n jà ni, ǹ bá mọ ohun tí mo máa sọ. Kò síjà. Obìnrin náà mu omi mi, ó kí mi dáadáa, ó wá ní, "Àna mi, ẹ gba ọmọ yín. Ilé wa ń fẹ́ ọmọ, ikùn tirẹ̀ kò sì gba nǹkan dúró. Ẹ bá wa tọ́jú rẹ̀. Tó bá sàn, kó máa bọ̀."

Bí ẹni tó ra ìkòkò tó ń jò, tó wá dá a padà fún ẹni tó tà á. Ọmọ ọmọ mi, Tata rẹ ni mò ń sọ, àbúrò ìyá rẹ. Kọ ọ́ bí mo ṣe wí i, má fi oyin sí i.

Gbogbo Kika ló ti gbọ́, kó tó pẹ́ àwọn ará ibí náà gbọ́. Tí ọmọ mi bá lọ sí ibi ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń lọ àgbàdo, tó sì na ọwọ́ sí ọmọ ọlọ́mọ, ìyá ọmọ á ní oorun ń kùn ọmọ òun. Àgàn ni wọ́n ń pè é. Àwọn mìíràn kì í tiẹ̀ dúró kó kọjá tán kí wọ́n tó pè é bẹ́ẹ̀. Ó mu egbòogi, ó mu omi tí wọ́n fi fọ wàláà, ó jẹ ohun tí mi ò lè dárúkọ. Ó rù.

Ní gbogbo àsìkò yẹn, ọkọ rẹ̀ ń wú ikọ́ ní Kika. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó ń gbin iṣu, ó ń ṣa kaṣú. Láti kékeré ló ti ń wúkọ́, nínú ọyẹ́, nínú òjò. Imú rẹ̀ kì í gbẹ, aṣọ ìnumú kì í kúrò léjìká rẹ̀. Ìyá rẹ̀ máa ń fi ṣe ẹ̀rín pé tí òun bá ń wá a nínú oko, etí lòun fi ń wá a. Kò sẹ́ni tó bi ọkùnrin náà léèrè ohun tó ń ṣe é láyà. Ikùn ọmọ mi nìkan ni gbogbo ayé ń bi léèrè.

Nígbà tó yá, ikọ́ náà dá a dùbúlẹ̀. Ibà ń mú un, kò lè mí dáadáa, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Parakou. Dókítà ya àwòrán àyà rẹ̀, ó sì bi í pé ọmọ mélòó ló ní. Ó ní òun kò ní. Dókítà ní kó mú ìyàwó rẹ̀ wá. Bó ṣe wá bá wa nìyẹn, tó ń wo ilẹ̀. Mo ní ọmọ mi kò ní bá a lọ lóun nìkan. Mo tẹ̀ lé wọn.

Ọmọ Ṣábẹ̀ ni dókítà náà, èdè wa ló fi bá wa sọ̀rọ̀. Ó yẹ ọmọ mi wò, kò rí nǹkan kan. Ó ní kí n jáde kí òun bá tọkọtaya sọ̀rọ̀, ọkọ ọmọ mi ní kí n dúró. Mo kíyè sí ìyẹn.

Ó fi fóònù rẹ̀ hàn wá. Àwọn nǹkan bí ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ inú adágún ni mo rí, wọ́n ń ju ìrù, wọ́n ń gbá ara wọn kọjá. Ó ní inú omi ara ọkùnrin kan báyìí ni wọ́n wà. Ó wá ní kí n fojú sí ẹ̀rọ tó ń sọ kékeré di ńlá. Ti ọkọ ọmọ mi nìyẹn. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo wò ó. Wọ́n pọ̀, wọ́n sùn kalẹ̀ bí ìrẹsì tó dà sórí ẹní.

Mo ní, "Ṣé wọ́n ti kú ni?"

"Rárá, Maman. Wọ́n wà láàyè. Ìrù wọn ni kò ṣiṣẹ́."

Ó gé bébà méjì tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi ìka fún ìdí wọn pọ̀, ó ní kí n ti ọ̀kan sókè. Mo tì í, méjèèjì tẹ̀. Ó ní bí ìrù náà ṣe ń tẹ̀ nìyẹn. Àwọn okùn tín-ín-rín tò yíká nínú rẹ̀, ọwọ́ kéékèèké sì wà lára wọn. Okùn kan á fi ọwọ́ di èkejì mú, á tì í, á fi í sílẹ̀, á tún dì í mú. Nítorí pé ìdí wọn so pọ̀, wọn kò lè yọ́ lọ, àfi kí wọ́n tẹ̀. Bí apá kan bá tì, ìrù á tẹ̀ síhìn-ín. Bí apá kejì bá tì, á tẹ̀ sọ́hùn-ún. Ohun tó ni ìrù á sì máa lọ. Ọwọ́ kéékèèké yẹn ni kò sí nínú ti ọkọ ọmọ mi. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn.

Mo ní, "Ikọ́ ńkọ́?"

Dókítà ní ohun kan náà ni. Ó ní irun tí ojú kò lè rí wà nínú imú àti ọ̀nà èémí gbogbo wa, bí wọ́n ṣe ṣe ìrù yẹn ni wọ́n ṣe irun náà, ó kàn kúrú ni. Á na gbọọrọ, á gbá síwájú, á wá tẹ̀ padà wálẹ̀ bí apá ẹni tó ń wẹ̀ lódò. Wọ́n á máa tẹ̀ lé ara wọn bí ìgbà tí atẹ́gùn ń kọjá lórí oko ìrẹsì, wọ́n á sì máa gbé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti eruku jáde. Tirẹ̀ dúró sójú kan. Ikọ́ ló kù tó lè fi gbé e jáde.

Gbọ́ ohun tó ń bí mi nínú. Ìyá ọkùnrin yẹn pọn ikọ́ náà sẹ́yìn láti ìkókó. Ó ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́. Ó wá lọ wá ẹ̀bi sínú ikùn ọmọ ọlọ́mọ.

Dókítà ní ọ̀nà wà, pé níbi tí wọ́n ti ń ṣe é, abẹ́rẹ́ tín-ín-rín ni wọ́n fi máa ń mú ọ̀kan nínú àwọn tí kò lè rìn wọ̀nyẹn, wọ́n á fi sínú ẹyin obìnrin. Ó kọ́ ọmọ mi bí yóò ṣe máa gbá ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lè jáde. Nínú ọkọ̀ tí a gbé padà, ọmọ mi sọ sí mi létí pé, "Ìyá, ẹ má sọ fẹ́nikẹ́ni. Òun ni kó sọ ọ́." Mo gbé e mì. Ọkọ rẹ̀ padà sí Kika, oṣù wọlé, oṣù jáde, kò sọ nǹkan kan.

Àfi bí ìyá rẹ̀ ṣe dé pẹ̀lú rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ìgò àgbo lọ́wọ́. Ó ní, "Ìyàwó mi, ọmọ mi ní dókítà ní kí ẹ tún gbìyànjú. Abúlé Goro ni mo ti gba eléyìí, ó ń ṣí ilé ọmọ."

Mo wo ọkùnrin náà. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń wò. Mo ní, "Àna, ṣé Parakou lo gbàgbé ẹnu sí ni?" Ọmọ mi fojú bá mi wí.

Ọkùnrin náà kọjú sí ìyá rẹ̀, ó ní, "Màmá, èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni kò jẹ́ ká bímọ. Látinú oyún ni. Òun náà ló ń fa ikọ́."

Ǹjẹ́ o mọ ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu obìnrin náà? Ó ní, "Ta ló tún gbọ́?" Kò wo ojú ọmọ mi. Ó kọjú sí mi: "Àna mi, ẹ jẹ́ kó parí sínú yàrá yìí. Obìnrin lè gbé irú ẹ̀. Ọkùnrin kò lè gbé e."

Mo ní, "Ọmọ mi ti gbé e tó. Ẹ wá sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

Mo ṣílẹ̀kùn. Àwọn obìnrin àdúgbò ń bó gbágùúdá lábẹ́ igi máńgòrò. Mo ní ọkọ ọmọ mi ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Ó dúró níwájú wọn, ó la ẹnu, ikọ́ gbé e. Ó wú u títí tó fi tẹ̀ ba. Ọmọ mi bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ó ká àtẹ́lẹwọ́, ó ń gbá a lẹ́yìn bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Bó ṣe ń gbá a ló ń bá wọn sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò tiẹ̀ ga: "Kì í ṣe ikùn mi. Dókítà ti yẹ̀ mí wò. Bí wọ́n ṣe dá a ni, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni."

Mo fẹ́ kó pariwo. Kò pariwo.

Ọ̀kan nínú wọn, ẹlẹ́nu mímú, kò gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní, "A ti gbọ́. Ṣé ìyá ọkọ náà ti gbọ́?" Ìyá ọkùnrin náà di ìgò mọ́ aṣọ, ó pe zẹ́mi.

Ọmọ mi ní òun kò padà sí Kika mọ́. Bí ọkọ òun bá fẹ́ òun, kó wá bá òun níbí. Ó wá lóòótọ́. Yàrá tó kángun sí tèmi ni wọ́n ń gbé. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí inú mi rọ̀, pé orúkọ ọmọ mi ti mọ́. Ta ló kọ́kọ́ kó ìdọ̀tí bá a? Láràárọ̀ mo máa ń gbọ́ ọ tó ń gbá ẹ̀yìn ọkùnrin náà, pà, pà, pà, títí èémí rẹ̀ á fi já gaara. Àánú ọkùnrin náà máa ń fẹ́ ṣe mí. Mi ò tíì gbà kó ṣe mí.